Ìkòkò Irun Dàda

Ìyádùnní ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ ẹ wá sí Ìlá láti Ọ̀rà kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ irun dídì ni ó bá wá, iṣẹ́ náà ni ó sì ń ṣe títí ó fi dàgbà. Èmi ń gbẹ́ òòyà. Igi ọsàn ni mo fi ń gbẹ́ ẹ, ewé ìpín ni mo fi ń dán an. Kò sí ẹni tó ń lo òòyà mi tó Ìyádùnní, nítorí náà mo mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe mọ tèmi.

Kò pè mí lórúkọ rí. Wọ́n ti bí mi kí wọ́n tó gbé e wọlé, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ. Olóòyà mi ni ó ń pè mí. Bí inú bá ń bí i, á pè mí ní Ọkọ mi.

Iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, níbi tí ó kọjú sí ọ̀nà ọjà, ni ó ń tẹ́ ẹní sí. Ẹni tó fẹ́ dirí á jókòó sílẹ̀, á gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Ìyádùnní á tú irun náà, á fi àdí pa á, á fi òòyà yà á, kí ó tó wá mú ìlàrun. Ìlà tí ó bá fà lórí ènìyàn, bí ẹni pé okùn ni ó fi wọ̀n ọ́n. Ó mọ ṣùkú, ó mọ kòlẹ́sẹ̀, ó mọ ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le. Ẹni tí ó bá dì fún kò ní lè fi orí lélẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n irun náà á pẹ́. Àwọn obìnrin máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ojú ni Ìyádùnní ń bá àwọn dì, kì í ṣe orí.

Ohun kan ni mo mọ̀ tí kò dára lára rẹ̀. Ó máa ń jowú orí. Kì í jowú ọkọ. Jímọ̀ lè bá obìnrin ṣeré lójú rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní gbójú sókè. Ṣùgbọ́n bí onídìrí mìíràn bá fọwọ́ kan orí tí òun ti fọwọ́ kàn rí, oúnjẹ kò ní wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó máa ń dá ọwọ́ onídìrí mọ̀ láti òkèèrè. Bí obìnrin kan bá ń ti ọjà bọ̀, á wo orí rẹ̀, á kí i dáadáa, á wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹni tó dì í ti là lójú. Obìnrin náà kò ní gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ títí yóò fi tú u.

Ilé Hezekiah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Hezekiah ń ra kòkó fún àwọn olówò kan, ó sì wà lára àwọn tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní nǹkan bí ọdún 1949, Bọ́láwùmí, ìyàwó rẹ̀, bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà gbé irun rẹ̀ wá láti ọ̀run. Ó ká, ó wé mọ́ra, ó ta kókó ṣùṣù. Ẹni tó bá ti rí i mọ̀ pé Dàda ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n sọ ọ́ ní Bernice. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá bí Dàda mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Òòyà kì í kan orí rẹ̀ títí irun náà yóò fi tó gé. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé e, wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á pe àwọn ọmọdé jọ kí wọ́n jẹ ẹ́. Inú ìkòkò tuntun ni wọ́n ń kó irun náà sí, wọ́n á bu omi lé e, wọ́n á dé e. Bí ara ọmọ náà kò bá yá, omi yẹn ni wọ́n fi ń wẹ orí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá ní ìkòkò irun kò ní ibi tí yóò sá sí lọ́jọ́ àìsàn.

Ìyádùnní ni Bọ́láwùmí gbé orí ọmọ náà lé lọ́wọ́ láti ọjọ́ ìkómọ. Ọṣẹ dúdú ni ó fi ń fọ irun náà, ó sì fi òwú dúdú so owó ẹyọ mọ́ ọn níwájú àti nípàkọ́. Gbogbo ìgbà ni Dàda máa ń sunkún. Bí ó bá ti rí igbá ọṣẹ ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ìyádùnní á fi orúnkún há a mọ́lẹ̀, á máa sọ fún un pé kò sí ọwọ́ tí yóò gé irun náà bí kò ṣe ọwọ́ òun. Ó sọ ọ́ títí ọmọ náà fi ń sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka àdúrà.

Ó ti ra ìkòkò náà sílẹ̀. Ìkòkò kékeré ni, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dojú rẹ̀ dé sábẹ́ ibùsùn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá yàrá, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé e jáde, òun náà ni ó ń dá a padà. Mo ti rí ọmọ tuntun tí wọn kò gbé jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1954, Olúkúnlé télọ̀ ti Jọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Dinah ni orúkọ ìyàwó náà. Ìgbájọ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni ó gbé dàgbà. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé á máa sín in jẹ. Ìyá Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù kan lápá ọjà. Olúkúnlé ń ránṣọ níwájú, Dinah gbé àpótí ìjókòó kan sí ẹ̀gbẹ́, ó ń gé irun àwọn ọmọbìnrin.

Ọ̀nà tí ó ń gbà gé e yàtọ̀. Tiwa ni pé kí a fa irun gùn kí a tó mọ ohun tí a ó fi ṣe. Dinah kì í fà á. Á fi omi rin ín, á jẹ́ kí ó ká bó ṣe fẹ́ ká, á wá mú àlùmọ́gàjí, á máa gé e níbi tí ó ká dé. Bí irun náà bá gbẹ, á dúró lórí ọmọ bí ìdí igbá, yíyípo, kò sí ibi tó yọ. Àwọn obìnrin kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá wọ́n ń mú ọmọ lọ.

Dinah wá sọ́dọ̀ mi pé kí n gbẹ́ òòyà fún òun. Ó ní kí eyín rẹ̀ má pọ̀, kí àárín wọn fẹ̀, nítorí pé eyín tó súnmọ́ra ń já irun tó ká. N kò gbẹ́ irú rẹ̀ rí. Mo gé igi pẹlẹbẹ kan láti fi wọn àárín eyín náà, mo sì gbẹ́ ẹ. Ó wà lórí àpótí iṣẹ́ mi nígbà tí Ìyádùnní kọjá. Ó gbé e, ó yí i padà.

Ó ní, “Olóòyà mi, ta ló ni èyí? Eyín rẹ̀ jìnnà síra bí eyín arúgbó.”

Mo sọ ẹni tó ni ín fún un. Ó dá a padà sórí àpótí bí ẹni tó gbé iná. Láti ọjọ́ náà, ó tó ìgbà díẹ̀ tó jẹ́ pé Ọkọ mi ni ó ń pè mí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Gbogbo ilé ló ń mú ọmọ lọ. Dàda ti tó ọmọ ilé ìwé. Olùkọ́ tó ń gba orúkọ wọlé wo orí rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ gé e kí ó tó wá. Hezekiah ní òun ti ń wá ìdí tí òun yóò fi gé e tẹ́lẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ẹ̀wà, òun kò fẹ́ ìkòkò, kí wọ́n gé irun ọmọ òun bí wọ́n ṣe ń gé irun ọmọ ènìyàn.

Ìdààmú dé bá Bọ́láwùmí. Bí ó bá sọ fún Ìyádùnní, Ìyádùnní yóò se ẹ̀wà, gbogbo àdúgbò yóò gbọ́, ilé Hezekiah kò ní rọgbọ. Bí kò bá sì sọ fún un, ó mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó dúró títí di ọjọ́ tí wọ́n pe Ìyádùnní sí Òkè-Ìlá láti lọ dirí ìyàwó tuntun. Bí Ìyádùnní ti jáde ni ó mú Dàda lọ sọ́dọ̀ Dinah.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà kí irun náà dànù. Ó bẹ Dinah pé kí ó pọ́n ọn, kí ó bá òun fi pamọ́ títí Hezekiah yóò fi lọ sí abúlé lọ ra kòkó, kí òun lè wá gbé e. Dinah kò mọ ohun tí wọ́n ń fi irun Dàda ṣe. Ó rò pé ìyá ọmọ fẹ́ fi ṣe ìrántí ni. Ó fi ewé eéran pọ́n ọn, ó fi òwú dì í, ó kì í sínú apẹ̀rẹ̀ àjákù aṣọ tó wà lábẹ́ tábìlì ọkọ rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, Ìyádùnní ni ó sọ ọ́ fún mi nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Ó ní ẹnu ọ̀nà ilé wa ni òun ti pàdé Dàda. Ọmọ náà sáré bá a, ó tẹ orí ba fún un kí ó wò ó. Irun náà ti lọ sílẹ̀, ó ká wínníwínní, ó yí orí ká. Ojú ọmọ náà tóbi nítorí pé kò sí ohun tó bò ó mọ́.

Ìyádùnní béèrè ẹni tó gé e. Dàda ní Ìyá Jọ́ọ̀sì ni. Ó béèrè bóyá ó sunkún.

Ọmọ náà ní, “N kò sunkún, Ìyá. Mo sùn.”

Ìyádùnní sọ fún mi pé bí ó bá ṣe pé ọmọ náà ní òun sunkún ni, bóyá òun ì bá wọlé lọ jẹun. Ó gbé igbá irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìjà ni ó bá lọ. Kò bá ẹnìkankan. Olúkúnlé ti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, Dinah ti lọ pọnmi. Ó jókòó lórí àpótí Dinah, ó ń wò yíká. Ó rí òòyà mi lórí tábìlì. Ó rí apẹ̀rẹ̀. Ó rí ewé tí wọ́n pọ́n, owó ẹyọ kan sì yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni ó so owó ẹyọ náà. Ó mọ kókó òwú tí òun ta.

Ó gbé e sábẹ́ ìró, ó wálé. Ó dojú ìkòkò sókè, ó tú irun náà sí i, ó bu omi lé e, ó fi àwo dé e, ó tì í padà sábẹ́ ibùsùn.

Bọ́láwùmí lọ gba irun náà lọ́jọ́ tí Hezekiah rin ìrìn àjò. Dinah tú apẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Kò rí i. Ó ní bóyá eku ló gbé e. Àwọn méjèèjì kò lè pariwo, nítorí pé Hezekiah kò gbọdọ̀ gbọ́. Bọ́láwùmí wálé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dàda bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Bí ó bá ń kọjá níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á kí Ìyádùnní, Ìyádùnní á dáhùn láìgbójú sókè kúrò lórí orí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ibà gbé Dàda dè. Hezekiah gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Wọ́n fún un ní kuníìnì. Ara rẹ̀ á tutù ní òwúrọ̀, á tún gbóná lọ́sàn-án. Ó rù. Kò jẹun. Ìyá Bọ́láwùmí wá láti Ọ̀tan. Bí ó ṣe wọlé tó rí orí ọmọ náà, ìkòkò irun ni ó kọ́kọ́ béèrè. Ibẹ̀ ni Bọ́láwùmí ti bú sẹ́kún, tó sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú Hezekiah.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé Ìyá Jọ́ọ̀sì gbé irun Dàda. Àwọn kan ní ó ti fi ránṣẹ́ sí òkè Ọya, pé àwọn ará ibẹ̀ ń fi ṣe oògùn owó. Àwọn kan ní Dinah kò bímọ, orí ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ fi bí tirẹ̀. Òótọ́ ni pé kò tíì bímọ. Wọn kò lù ú. Wọn kàn kò mú ọmọ wá fún un mọ́ ni. Ẹni tó fún Olúkúnlé láṣọ ránṣẹ́ wá gba aṣọ rẹ̀ padà láìrán. Olúkúnlé bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù. Ó ní bí ọmọ náà bá kú, kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí àwọn jáde ní Ìlá.

Àwọn oníbàárà Ìyádùnní padà wá. Wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ohun tí ó ti ń fẹ́ láti ìgbà tí Dinah ti dé ni ó rí yẹn. Mo ń wò ó láti ibi tí mo ti ń gbẹ́ igi. Kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bú Dinah lójú rẹ̀, kì í dá sí i. Tinúadé tó ń ta epo jókòó sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń sọ pé irun Dàda ti wọkọ̀ ojú irin, pé yóò ti dé Jọ́ọ̀sì ṣáájú olè tó gbé e. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyádùnní fa ìdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tinúadé ní, “Ìyádùnní, irun ni mo ní kí o dì. Orí mi kò ṣẹ̀ ọ́.”

Nígbà tó dìde, etí irun rẹ̀ ti wú kókókó. Kò san tirẹ̀ tán. Kò tún padà wá.

Jímọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó, à ń mu ẹ̀kọ. Ó ní ìkòkò kan tó máa ń dojú bolẹ̀ lábẹ́ ibùsùn òun ti ń kojú sókè láti ìgbà ọyẹ́, pé òun kò mọ ohun tó yí i padà. Ìyádùnní ní kí ó máa wo oko rẹ̀. Jímọ̀ ní òun ń wò ó. Ó fọ ọwọ́, ó gbé àdá, ó lọ. Èmi náà lọ mú igi tí mo ń gbẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Dinah wá. Mo rò pé ìjà ni. Ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀bá ẹní. Ojú rẹ̀ ti wú. Kò mọ ohunkóhun nípa ìkòkò. Wọ́n sọ fún un pé Ìyádùnní ni ó tọ́jú orí ọmọ náà láti kékeré, òun ni ó sì wá bá.

Ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi irun ẹ̀ ṣe. Tí irun bá ti sọnù, kí ni wọ́n máa ń ṣe fún ọmọ náà? Ẹ sọ fún mi, màá ṣe é. Kí ọmọ yẹn má kú sí mi lọ́rùn.”

Obìnrin tí Ìyádùnní ń dirí fún lọ́wọ́ yí ojú padà láti wò ó. Ìyádùnní tún orí rẹ̀ ṣe sí ọ̀nà tó yẹ. Ó di ìdì kan parí kí ó tó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ sọ.

Ó ní, “Báwo lo ṣe ṣe é tí kò sunkún?”

Dinah kò mọ ohun tí ìbéèrè náà wá ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dáhùn. Ó ní òun kò fa irun náà. Ó ní omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ni òun fi rin ín, òun sì dúró kí ó rọ̀. Ó ní níbi tó bá ti ta kókó jù, òun gé kókó náà, òun kò bá a jà.

Ìyádùnní ní, “O kò bá a jà.”

Ó dìde. Ó wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ìkòkò ni ó gbé. Omi inú rẹ̀ ń dún. Dinah wo ìkòkò, ó wo ojú rẹ̀. Ìyádùnní kò sọ ohunkóhun fún un ju kí ó dìde kí ó tẹ̀ lé òun. Obìnrin tó ń dirí dìde tòun ti irun ìlàjì. Èmi náà fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ó lè gba àárín ilé lọ, ojú kì bá tí rí i. Ọ̀nà ọjà ni ó gbà. Ó gbé ìkòkò náà ka orí, kò fi aṣọ bò ó. Nígbà tí a fi dé ẹnu ọ̀nà Hezekiah, àwọn ènìyàn ti ń tẹ̀ lé wa. Bọ́láwùmí jáde, ìyá rẹ̀ jáde, Hezekiah náà jáde.

Ìyádùnní ní, “Irun Dàda rèé. Èmi ni mo gbé e nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan sí i.”

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn, n kò mọ ẹni tó jẹ́, ní, “Ìyádùnní, olè irun.”

Ìyádùnní kò yíjú. Ó ní, “Olè irun ni mí. Ẹ gbé ọmọ wá kí n wẹ orí rẹ̀.”

Hezekiah dúró sí ẹnu ọ̀nà. Àna rẹ̀ ń wò ó. Ó wo ìkòkò náà, ó wo inú ilé níbi tí ọmọ rẹ̀ gbé ń kérora. Ó ní òun gbàgbé nǹkan kan sí ẹ̀yìnkùlé. Ó bá ibẹ̀ lọ, kò sì tètè padà.

Wọ́n gbé Dàda jáde sí àgbàlá. Mo dúró níbi tí mo ti lè rí wọn. Ìyádùnní jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ọmọ náà lé ẹsẹ̀. Kò fi orúnkún há a. Ó bu omi náà, ó dà á díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ kan orí náà láti ìgbà tí wọ́n ti gé e. Ó fọwọ́ wá ọ̀tún. Ó fọwọ́ wá òsì. Ó fi ìka tọ etí irun náà láti iwájú títí dé ìpàkọ́, ó tún tọ̀ ọ́ padà. Èmi mọ ohun tí ó ń wá. Bí mo bá gba igi lọ́wọ́ agbẹ́gi mìíràn, bí mo ṣe ń wá a nìyẹn.

Ọmọ náà la ojú, ó wò ó, ó tún dijú. Kò sunkún.

Ìyádùnní sọ fún Dinah tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Irun apá òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ.”

Dinah wò ó. Ó ní, “Ẹ ṣé, Ìyá.”

Mo wà níbẹ̀, mo sì ní ojú. Ọ̀tún àti òsì dọ́gba.

Ibà náà lọ. Ìyá Bọ́láwùmí ní omi irun ni. Hezekiah ní kuníìnì ni. Èmi kò mọ èyí tó jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Dàda jẹ iyán lẹ́yìn rẹ̀, ó sì béèrè ẹran.

Olúkúnlé tú ẹrù rẹ̀. Àwọn tó gba aṣọ tún gbé e padà wá pẹ̀lú ìtìjú. Ní ti Ìyádùnní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tú. Àwọn ọmọdé ń pè é ní olè irun bí wọ́n bá ti sá jìnnà tó. Tinúadé kò fi ẹnu bà á lára, ṣùgbọ́n ó máa ń di orí ara rẹ̀ mú bí ó bá ń kọjá, gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Bọ́láwùmí kò kí i fún ìgbà pípẹ́. Jímọ̀ nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ó máa ń ti oko dé, á jókòó tì í níbi tí àwọn obìnrin máa ń jókòó sí.

Ìkòkò náà kò kúrò lọ́dọ̀ Ìyádùnní. Bọ́láwùmí kò lè gbé e wọ ilé Hezekiah, ìyá rẹ̀ sì ní wọn kò gbọdọ̀ gbé e jáde ní àdúgbò tí wọ́n bí ọmọ sí. Nítorí náà, abẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi ni ó padà sí. Bí orí bá ń fọ́ Dàda, á wá fúnra rẹ̀. Bí irun rẹ̀ bá kún, ọ̀dọ̀ Dinah ni ó ń lọ. Bí ó ti ń ti ibẹ̀ bọ̀, Ìyádùnní á pè é, á fọwọ́ tọ etí irun rẹ̀, á rí nǹkan sọ. Lónìí ó gé e wọlé jù. Lọ́la ìpàkọ́ rẹ̀ wọ́. Ọmọ náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, á sáré lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn obìnrin ń padà wá, nítorí pé irun tí ó bá dì ń pẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ padà wá sọ fún àwọn tó kù pé ọwọ́ rẹ̀ ti rọ̀. Mo gbọ́ ọ. N kò sọ fún un.

Ní ọjọ́ kan, ó wá jókòó ti àpótí iṣẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí ó ti jókòó síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó gbé òòyà kan, ó gbé òmíràn, ó dá wọn padà.

Ó ní, “Olóòyà mi, gbẹ́ òòyà kan fún mi.”

Mo béèrè irú èyí tí ó fẹ́. Ó ní èyí tí eyín rẹ̀ kò súnmọ́ra. Mo ní ṣé bíi ti Dinah. Ó wo ọ̀nà ọjà.

Ó ní, “Kí ó fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ.”

Mo sọ fún un pé bí ó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, irun á gba àárín rẹ̀ kọjá, kò ní ṣiṣẹ́. Ó ní kí n gbẹ́ ẹ bí òun ṣe wí, kí n má sì fi han ẹnikẹ́ni. Ó dìde lọ.

Mo gé igi ọsàn, mo gbẹ́ ẹ, mo fi ewé ìpín dán an dáadáa. Igi pẹlẹbẹ tí mo fi wọn ti Dinah ni mo fi wọn tirẹ̀. Ọgbọọgba ni wọ́n. Nígbà tí mo gbé e fún un, ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ sáàárín eyín kọ̀ọ̀kan, ó wọ̀n ọ́n títí dé ìparí.

Ó ní, “Ó fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.